Ọdẹ́wùmí Lẹ́nu Ibodè Ìlú Orúkọ-Kan

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí igi ìdáná; ẹni tí kò bá rí igi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ò lé ẹnikẹ́ni rí. Mo mọ ohun tó gbé yín wá síwájú ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kì í ṣe ìfẹ́ mi. Ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi gbé kọ́ sókè àjà ni ẹ fẹ́ fi fóònù yín fà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ lábẹ́ òrùlé ọdẹ: ẹni tó bá fa íńtánẹ́ẹ̀tì mi yóò gbọ́ ìtàn mi.

Títílọpẹ́, ọmọ télọ̀ àdúgbò wa, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ló fa ìtàn tòní. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Baba, ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò wa tó mu wá lómi. Gbogbo fóònù tó wà níwájú ilé yín yìí ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú ilé. Bí a bá jáde sínú ayé, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń jẹ́. Báwo wá ni ìdáhùn ṣe ń mọ ẹni tó ni ín? Ìpààrọ̀ àdírẹ́sì ni olùkọ́ wa pè é, ó ní ẹ̀yà rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, ó kọ ọ́ sójú pátákó, kò sì yé ẹnikẹ́ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Kí ìyá tó bí olùkọ́ yín tó dáyé, àwọn ẹbora Igbó Àìdáhùn ti ń ṣe ìpààrọ̀ yìí, ìyá tó bí èmi sì ti wọ̀yá ìjà pẹ̀lú wọn lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́jú lókè àjà yẹn, oníbodè ni. Mo mọ ìran rẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ ọ́.

Ọdẹ́wùmí ni orúkọ ìyá mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀; obìnrin ni, ọdẹ sì ni. Bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ bí ọkùnrin, ló bá gbé ìbọn lé obìnrin lọ́wọ́, ẹran igbó kò sì béèrè bóyá akọ ló yìnbọn àbí abo kó tó ṣubú. Nígbà tí ọkùnrin wá dé, ẹsẹ̀ ló fi ṣáájú orí jáde, nítorí náà Ìgè ni wọ́n pè é. Ọdẹ́wùmí ló kọ́ àbúrò rẹ̀ yìí níṣẹ́ ọdẹ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ni ohun tí gbogbo ọdẹ fi ń kọ́ ọmọ: bí wọ́n bá pè ọ́ lórúkọ nínú igbó, má dáhùn. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, di ẹnu rẹ mú. Ẹbora kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí o tó jẹ́ ẹni tó pè ọ́. Ìgè fi ẹ̀kọ́ yìí sọ́kàn, kò fi ṣeré rárá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Ìgè lé ẹtu kan tí ọta ti bà wọ Igbó Àìdáhùn, kò sì padà. Wọ́n wá a títí, fìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí létí igbó. Olúọ́dẹ Ṣówándé, olórí gbogbo ọdẹ ìlú wa, pe ìpàdé. Ó ní, "Òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ mọ́. Ọjọ́ tó bá rọ̀ ni a ó ṣe ìpà Ìgè." Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìpà. Ètùtù ni, òun ni ọdẹ fi ń já okùn ẹni tó kú kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a bá ti ṣe ìpà rẹ̀ ti kú nìyẹn, kódà bó ṣì ń mí níbì kan.

Ọdẹ́wùmí dìde láàárín àwọn ọkùnrin. Ó kúnlẹ̀, torí ó mọ ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Olúọ́dẹ, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ò ní ṣe ìpà ẹni tí kò kú."

"Ta ló sọ fún ọ pé kò kú?"

"Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

Inú bí Olúọ́dẹ. Ó ní kò sí obìnrin tí yóò kọ́ òun ní ọdẹ, àti pé òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́wùmí ní òun náà kò ní dúró de òjò. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó dé fìlà ọdẹ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì jáde lọ lójú gbogbo wọn.

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Ẹsẹ̀ gbé e, ó di ẹnu Igbó Àìdáhùn. Igi ibẹ̀ ní etí, wọ́n sì ní ọ̀fun. Bó ti tẹ ewé gbígbẹ àkọ́kọ́ ni igi àràbà kan fi ohùn ìyá rẹ̀ pè é, "Ọdẹ́wùmí, wá gba omi yìí." Kò dáhùn. Igi àfọ̀n kan fi ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú pè é, "Ọdẹ́wùmí, wẹ̀yìn." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn, kò sì ya ẹnu. Egungun àwọn tó dáhùn wà nílẹ̀ káàkiri, ó ń fi ẹsẹ̀ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí fóònù yín dún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e sétí, ibẹ̀ ni ẹ̀ bá kú sí.

Láàárín igbó náà ni ìlú mẹ́ta wà, ọmọ ìyá mẹ́ta ló sì ń ṣọ́ ibodè wọn. Ẹlẹ́nu-Méjì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Ẹnu kan wà níwájú tó ń bá ayé sọ̀rọ̀, ẹnu kan wà ní ìpàkọ́ tó ń bá inú ìlú sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n pátápátá ni Ọdẹ́wùmí kọ́kọ́ dé.

"Ìwọ tó gbé ìbọn wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ta lò ń wá?" ni ẹnu iwájú bi í.

"Àbúrò mi ni. Ìgè ló ń jẹ́."

"Orúkọ ilé àbí orúkọ òde?"

"Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

Ẹbora náà fi ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbodè. Ẹni kọ̀ọ̀kan níbí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ilé, tí òde kò gbọdọ̀ gbọ́, ó sì ní orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Bó bá ń jáde, mo bọ́ tilé, mo fi tòde wọ̀ ọ́. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ń wọlé, mo bọ́ tòde, mo dá tilé padà fún un."

Kí ó má yà yín lẹ́nu. Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Adúmáadán ni ó ń pè é, tàbí Akọ̀wé, tàbí Eyín-fún-jowó, gbogbo agbo ilé sì mọ ẹni tó ń dá lóhùn. Iṣẹ́ yẹn náà ni.

Ẹ̀gbọ́n pátápátá ní, "Nílùú tèmi, ìpààrọ̀ kì í yẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Àjàlá nínú ilé, Òkúta ló ń jẹ́ lóde, lónìí, lọ́la, títí ayé. Kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́ Òkúta."

Ọdẹ́wùmí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹbora gbọ́ lásán. Ó pe Òkúta; ọkùnrin gìrìwò kan jáde. Ó ní kó padà sílé. Ó tún pe Òkúta. Ẹni náà ló tún jáde, ó ti ń fa ojú ro. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkùnrin náà jáde, ó bú u tìyá-tìyá, ó sì padà wọlé. Ọdẹ́wùmí gbà wàyí. Ó bi oníbodè pé bí ètò yìí bá dára tó báyìí, kí ló dé tí ìlú náà fi kéré bẹ́ẹ̀.

"Orúkọ òde ló wọ́n," ni ẹbora dáhùn, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹlẹ́dàá kò dá a púpọ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kan gbà, inú ilé ni yóò gbó sí. Àbúrò rẹ kò sí níbí. Lọ bi àtẹ̀lé mi."

Títílọpẹ́ já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní, "Baba, ẹ̀yà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan, àdírẹ́sì kan, kì í yí padà." Mo ní kó jẹ́ kí ẹbora sọ̀rọ̀, kí òun sì mú ẹnu ẹyọ kan tí òun ní dákẹ́.

Ní ìlú kejì, ẹ̀wù ni wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ibodè, ẹ̀wù díẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: Ọ̀kẹ́rẹ́, Ìjì, Àwòdì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jáde yóò wọ èyí tó bá bá níbẹ̀, orúkọ ẹ̀wù náà ni ayé yóò sì máa pè é. Bó bá dé, á bọ́ ọ, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́. Bí ẹ̀wù bá tán lórí ìkọ́, àwọn tó kù á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa yán, wọ́n á máa dúró de ẹni tó lọ. Ọdẹ́wùmí bá ẹnì kan pàdé lóde tó ń jẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ṣèlérí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á sọ ibi tí Ìgè wà fún un.

Ilẹ̀ mọ́. Ọdẹ́wùmí rí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó dì í lọ́rùn ẹ̀wù mú. "O jẹ mí ní ọ̀rọ̀ kan."

"Èmi? Mi ò rí ọ rí láyé mi."

"Ṣé ìwọ kọ́ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ni?"

"Èmi ni Ọ̀kẹ́rẹ́ òní. Mi ò mọ ti àná."

Ẹ ò rí i pé nǹkan ń bẹ. Ẹni tó ṣèlérí ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti wọlé, ìlérí rẹ̀ sì ti bá a wọlé. Ẹlòmíràn ìbá sunkún. Ìyá mi kọ́. Ó dúró sẹ́nu ibodè. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dé tó bọ́ ẹ̀wù, á gbà á kó tó kan ìkọ́, títí gbogbo ẹ̀wù ìlú náà fi pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó wọn jọ, ó jókòó lé wọn lórí, ó gbé ìbọn sórí itan. Ìlú dí pa. Ẹni tó fẹ́ jáde kò rí ohun tí yóò wọ̀. Àwọn ẹbora ń pariwo láti inú wá, oníbodè ń làágùn ní iwájú àti ní ìpàkọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ìyá ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde."

"Ẹni tó bá fẹ́ kí n dìde mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́."

Ìgbà náà ni ẹbora jẹ́wọ́. "Ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn wa ni àbúrò yín wà, ní Ìlú Orúkọ-Kan. Ẹ tètè lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kán sí i lórí níbẹ̀, ó di ẹbora, kò ní mọ̀ yín mọ́." Ọdẹ́wùmí dìde, ó sì gbọn ìdí aṣọ rẹ̀ sí wọn lójú.

Ìlú Orúkọ-Kan ló tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òrùlé ibẹ̀ lọ títí ojú kò rí òpin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ òde kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́: Olókè. Àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ iṣu, wọn kì í jẹ ẹran. Ìdáhùn ni oúnjẹ wọn. Wọ́n á pa àlọ́ láti inú ilé, àlọ́ á gba ẹnu ibodè fò lọ sí Òkè Ìdáhùn, ìdáhùn á sì fò padà wá bá ẹni tó ni ín. Ọdẹ́wùmí dúró, ó wò ó títí, ó bi àbíkẹ́yìn Ẹlẹ́nu-Méjì pé báwo ló ṣe ń mọ Olókè tó ni ìdáhùn.

Ẹbora yẹn fẹ́ràn ara rẹ̀. Ẹnu méjì kì í sì í pa àṣírí mọ́. Ó ní, "Ìyẹ́ ẹyẹ ni mò ń lò. Bí ilé kan bá ran àlọ́ jáde, mo mú ìyẹ́ méjì tó jọra. Ọ̀kan á wà lórí òrùlé ilé náà, èkejì á bá àlọ́ lọ. Bí ìdáhùn bá gbé ìyẹ́ àlùkò dé, mo wo òrùlé tí ìyẹ́ àlùkò wà, ibẹ̀ ni mo jù ú sí. Bó gbé ti lékeléke dé, mo wá ti lékeléke. Orúkọ kan, ìyẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ohùn bá sì dákẹ́ láàárín wọn, ìyẹ́ méjèèjì á rọ, màá sun wọ́n, ọ̀nà náà á pa rẹ́."

"Ẹni tó bá ti òde wá tí kò ní ìyẹ́ ńkọ́?"

"Ta ni kí n gbé e fún? Wo ẹ̀yìn rẹ." Ọ̀gbun ńlá kan ló wà níbẹ̀. "Ibẹ̀ ni mò ń da irú ìpè bẹ́ẹ̀ sí. Àfi ìkóòdẹ, ìyẹ́ pupa ìdí odídẹ, nìkan. Ìkóòdẹ wà lórí òrùlé ààfin, n kì í sun ún. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìkóòdẹ pè láti òde, ọ̀dọ̀ ọba ni mò ń gbé e lọ tààrà."

Kò tíì pa ẹnu iwájú dé tí Ọdẹ́wùmí fi fa ìkóòdẹ kan yọ lára fìlà bàbá rẹ̀. Ó nà án sí i. Ojú ti ẹbora, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Láìpẹ́ ohùn ọba ti inú jáde gba ẹnu oníbodè, ó nípọn, ó sì tutù.

"Ta ló ń pè mí?"

"Èmi ọdẹ ni, Kábíyèsí. Àbúrò mi wà nínú ìlú yín. Mo wá mú un lọ."

"A ò jí i. Ẹran ló lé wọlé. Òfin wa ò sì le: bí ìpè àti ìdáhùn bá pàdé lẹ́nu ibodè láàárín òun àti ẹni tó bá a tan, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dé, ọmọkùnrin yẹn kò pa àlọ́ kan sóde. A pè é, kò jẹ́ wa. Ẹnu rẹ̀ dí. Ẹni tí kò ránṣẹ́ jáde kò ní ìyẹ́, ta ló wá lè rí i? Ó sàn kí ìwọ náà gbé ìbọn sílẹ̀, kí o wọlé wá bá a, kí ẹ jọ máa jẹ́ Olókè."

"Kábíyèsí, orúkọ tí ìyá mi sọ mí tó mi í jẹ́. Ènìyàn ni mo wá gbà, n ò wá gba orúkọ."

Ọdẹ́wùmí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀kọ́ tó fi dáàbò bo ọmọ náà ló wá di àgádágodo sí i lẹ́nu. Ó wo ojú ọ̀run. Ìkùukùu ti ń ṣú. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì gba ọ̀nà Òkè Ìdáhùn lọ.

Ó bá arúgbó kan níbẹ̀ tó ti ń dáhùn àlọ́ láti ìwáṣẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ti há pátápátá. Ọdẹ́wùmí kí i, ó ní kó sinmi, kí òun bá a dáhùn. Bí àlọ́ ṣe ń bọ̀ nìyẹn, gbogbo wọn lórúkọ Olókè, ìyẹ́ wọn lóríṣiríṣi.

"Ilé kan ń bẹ, òpó kan ló gbé e ró."

"Olú ni. Iná ò tíì kú lórí ààrò."

"Awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́."

"Ahọ́n ni. Iná ò tíì kú lórí ààrò."

Arúgbó náà bi í pé kí ni ti iná tó ń so mọ́ ìdí gbogbo ìdáhùn. Ọdẹ́wùmí sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn máa ń wí bí ọmọ bá pẹ́ lóko: iná ò tíì kú lórí ààrò, oúnjẹ rẹ ṣì wà níbẹ̀. Kò mọ ilé tí Ìgè wà, nítorí náà ó sọ ọ́ sí gbogbo ilé. Létí àwọn ẹbora, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹnì kan péré ló lè mọ̀ ọ́n.

Ó dáhùn títí ètè rẹ̀ fi bó. Ìkùukùu ń wálẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìyẹ́ agbe kan fò dé, aláwọ̀ aró, pẹ̀lú àlọ́ tí arúgbó náà kò gbọ́ rí: "Kí ló wọ ayé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú orí?"

Ọdẹ́wùmí dìde wuya. Ó fẹ́ dáhùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ arúgbó dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹnu ibodè ni kí ìpè rẹ ti dún, bí o bá fẹ́ kó jáde. Ìwọ ni wọ́n fi ìyẹ́ yìí ránṣẹ́ sí. Bí ẹlòmíràn bá gbé e lọ, ọ̀gbun ni. Má sì jẹ́ kí ohùn dá lẹ́nu rẹ lọ́nà. Bí ohùn bá dá, ìyẹ́ á rọ."

Ọdẹ́wùmí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kò dákẹ́. Ó ń ki ọmọ ìyá rẹ̀ lọ:

"Ìgè Àdùbí, ọmọ tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn ayé,
agbẹ̀bí sá, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín,
ó ní bó ṣe wù ú ni kó bá wọlé,
ilé kì í bi àlejò ní ẹsẹ̀ tó fi ṣáájú."

Oyin ta á létè, ó fi ètè wíwú ń kì í lọ. Odò kún dé àgbọ̀n rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń kì í lọ. Iwin kan dá a lọ́nà, ó ní bí kò bá sọ iye ewé tó wà lórí ìrókò, kò ní kọjá. Ó fi àárín oríkì dá a lóhùn pé ìdajì wọn lọ́nà méjì ni, kí iwin náà lọ ka ìdajì kan wò. Iwin ń ṣírò títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ẹnu ibodè, ìyẹ́ agbe ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn Ẹlẹ́nu-Méjì wo ìyẹ́, ó wo òrùlé, ó rí èkejì rẹ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Pè é."

"Ìgè o."

Ó dúró, ó ń fetí sílẹ̀. Inú ìlú dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ìgè o."

Ó tún dúró. Kò sí nǹkan kan. Ìgbà náà ló yé e. Ọdẹ ló ń pè. Ọdẹ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló wà nínú ilé yẹn tó ń ka ìpè. Dídúró tó dúró sì ti jẹ́ kí ohùn dá. Ìyẹ́ agbe rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbora já a gbà, ó sọ ọ́ síná, èyí tó wà lórí òrùlé náà jóná. Ọdẹ́wùmí pariwo ìpè kẹta tọkàntọkàn. Kò ní ìyẹ́. Oníbodè gbé e, ó sọ ọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń yí lọ sínú ọ̀gbun.

"Ó tán," ni ẹbora wí. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Máa lọ sílé, kí wọ́n lọ ṣe ìpà rẹ̀."

"Mi ò lọ."

"Òjò ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Bó bá máa rọ̀ lé e lórí, kó rọ̀ lé èmi náà lórí. Mi ò lọ."

Ó dúró síbẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ṣí. Nínú ilé, Ìgè ń kà: ìpè kan, ìpè méjì. Ó dúró de ẹ̀kẹta, kò gbọ́ ọ. Ẹbora kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó kọ́ sọ fún un pé ẹbora ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà bó ṣe jókòó tó di ẹnu rẹ̀ mú, tó sì ń ronú pé ẹbora wo ló mọ ohun tí ìyá àwọn máa ń sọ nídìí ààrò. Kò lè dáhùn ìpè tí kò pé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó má pe ènìyàn.

Lẹ́nu ibodè, ara ẹbora ṣàdédé fà. Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ mú ìyẹ́ méjì. Ohun tó bá ti inú wá kò ṣeé dá dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹnu iwájú rẹ̀ ya, tipátipá, ó sì fi ohùn ẹbora tó há gan-gan pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

"Ọdẹ́wùmí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rò ó wò. Igbó Àìdáhùn ni. Ẹnu ẹbora ni. Ìpè àkọ́kọ́ ni. Gbogbo egungun tó fi ẹsẹ̀ tì lọ́nà, irú ìpè yìí ni wọ́n jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀tàn, ibi tó dúró sí ni yóò kú sí, Ìgè á sì di ẹbora. Bó bá dúró de ẹ̀kẹta, ìyẹ́ á rọ. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí i ní èjìká.

"Èmi nìyí!" Ó sọ fìlà sílẹ̀, ó na ara rẹ̀ tán. "Èmi Ọdẹ́wùmí, kì í ṣe Olókè, kì í ṣe Òkúta, kì í ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́. Mo gbọ́. Èmi ni mò ń dáhùn. Jẹ́ kó jáde."

Gbogbo igi igbó náà wọ́ ewé sílẹ̀. Ẹnu méjèèjì ẹbora pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, ibodè ya, Ìgè sì rìn jáde, ó gbẹ, irùngbọ̀n bo àyà rẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ gidi. Lóde ló ti pa á, lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé etí ìlú wa, Olúọ́dẹ Ṣówándé àti àwọn ọdẹ ti gbé agbọ̀n ìpà dé oríta nínú òjò, ẹ̀wù ọdẹ Ìgè wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyán àti àyà ẹtu. Olúọ́dẹ ti gbé ohùn arò sókè. Ó rí àwọn méjèèjì, arò náà sì dá mọ́ ọn lẹ́nu. Òtútù ń mú Ìgè. Ó mú ẹ̀wù rẹ̀ nínú agbọ̀n, ó wọ̀ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa iyán sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àsè òkú ara rẹ̀, òkèlè lórí òkèlè, lójú gbogbo ọdẹ.

Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀ fún Olúọ́dẹ, bó ṣe kúnlẹ̀ ní ọjọ́ ìjọsí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Olúọ́dẹ. Ẹ bá wa ní kí wọ́n gún òmíràn kún un. Kò ní tó."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ dúró sẹ́nu Igbó Àìdáhùn, kó sọ orúkọ rẹ̀ sókè.